Ẹ yẹ ISO Linux wò dáadáa kí ẹ tó kọ ọ́ sórí àwo

ISO ni fáìlì kan ṣoṣo tó ní gbogbo ohun tí a fi ń gbé Linux sórí kọ̀ǹpútà nínú. Èyí tó bàjẹ́ kì í sábà jẹ́wọ́ ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè gbé e dìde láti orí DVD tàbí flash, kí iṣẹ́ wá dẹnu kọlẹ̀ nígbà tí installer (ètò tó ń gbé Linux sórí kọ̀ǹpútà) bá dé ibi tó ti bàjẹ́. Kíá, àwọn èèyàn á ti máa fura sí RAM tàbí hard disk.

Ẹ fi àṣẹ `wget -c` gbà á: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ibi tó dé ni yóò ti máa bá a lọ. Torrent (ọ̀nà tó ń gba fáìlì ní ègé ègé) tún dára ju ìyẹn lọ, torí ó ń yẹ ègé kọ̀ọ̀kan wò bó ṣe ń wọlé.

Fún Ubuntu (irú Linux kan), ẹ gba SHA256SUMS (fáìlì tó ní checksum, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ ISO kọ̀ọ̀kan, nínú) àti SHA256SUMS.gpg (ìbuwọ́lùwé orí ẹ̀rọ fún fáìlì yẹn) sínú fódà kan náà pẹ̀lú ISO, kí ẹ wá tẹ àṣẹ yìí ní terminal Linux:

`sha256sum -c --ignore-missing SHA256SUMS`

OK lẹ fẹ́ rí. Bó bá ní FAILED, ẹ má kọ ọ́ sórí ohunkóhun. Lórí Windows, `certutil -hashfile orúkọ.iso SHA256` ni. Ẹ fi gbogbo àmì 64 tó bá gbé jáde wé ti inú SHA256SUMS, kì í ṣe mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan.

Ọ̀pọ̀ ló ń dúró síbẹ̀, kò sì tó. OK ò sọ ẹni tó kọ SHA256SUMS fún yín. Ní oṣù kejì ọdún 2016, àwọn ọ̀daràn wọ ìkànnì Linux Mint, wọ́n sì darí àwọn èèyàn sí ISO tí wọ́n ti la ọ̀nà ẹ̀bùrú sí nínú. Ẹni tó lè pààrọ̀ ISO lè pààrọ̀ checksum tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ yẹ ìbuwọ́lùwé náà wò:

`gpg --verify SHA256SUMS.gpg SHA256SUMS`

Bó bá ní "No public key" (kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń yẹ ìbuwọ́lùwé wò kò sí lọ́dọ̀ yín), ẹ fi `gpg --keyserver hkps://keyserver.ubuntu.com --recv-keys` àti nọ́ńbà kọ́kọ́rọ́ tó fi hàn yín gbà á, kí ẹ sì fi fingerprint rẹ̀ (àmì ìdánimọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà), gbogbo àmì 40, wé èyí tó wà nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà àwọn tó ṣe é. Ẹ wá tún `gpg --verify` yẹn tẹ̀. "Good signature" lẹ ń wá. WARNING tó máa ń tẹ̀ lé e kàn ń sọ pé ẹ̀yin fúnra yín ò tíì jẹ́rìí sí kọ́kọ́rọ́ náà ni. Kó má dẹ́rù bà yín. Ṣùgbọ́n "BAD signature"? Ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

ISO Ubuntu 24.04 ti desktop ò lè wọ DVD 4.7 GB, flash ni kẹ́ ẹ lò. Fún èyí tó bá wọ DVD, ẹ yan "Burn image", kí ẹ sì dín eré rẹ̀ kù. Bí ẹ bá ṣí àwo náà tó jẹ́ fáìlì .iso kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ ti kọ ọ́ bí fáìlì lásán, kò sì ní gbé kọ̀ǹpútà dìde. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àwo náà wé ISO lórí Linux (`/dev/sr0` ni ẹ̀rọ DVD):

`cmp -n $(stat -c %s orúkọ.iso) orúkọ.iso /dev/sr0`

Bí kò bá sọ ohunkóhun, àwo àti ISO bára mu.