Ọ̀fẹ́ ni, owó kẹ̀kẹ́ ńkọ́?

Àná ni mo mú ọmọ ìyá alákàrà àdúgbò wa lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé ní ijó lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ fárígá. "Ìyá Tóbi, èwo ni ọ̀fẹ́ l'Ékòó? Tó bá débẹ̀ tán, wọ́n á ní ó ra bàtà." Mo bá fi fóònù hàn án: Àjàǹgbádì tiwa níbí, níbi tí Daniel Ajala ti dá Leap of Dance Academy sílẹ̀ lọ́dún 2017, tí wọn kì í gbowó lọ́wọ́ òbí. Ó wo fídíò Anthony Madu, ọmọ tó jó ballet, ijó Òyìnbó kan, nínú òjò láìwọ bàtà lọ́dún 2020, tó sì ti ibẹ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ ijó ní Ìlú Ọba. Ó ní kí n tún un gbé sí i. "Ọmọ ta nìyẹn?"

Níbi tí a lọ, kò sí dígí, tapólì ni wọ́n tẹ́ sórí sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀yìn àga oníke làwọn ọmọ dì mú. Tiwa yìí, tí kì í lè dúró jẹ́ẹ́ (ẹ bi mí!), na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ó ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lọ́jà.

Ṣùgbọ́n owó ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ni wàhálà. Ta ni yóò bá ìyá ẹ̀ bó ẹ̀wà láàárọ̀ Sátidé? Olùkọ́ wọn gbọ́, ó ní òun á sún àwọn kékeré sí ọ̀sán. Ìyẹn gan-an ló wú mi lórí.

Owó kẹ̀kẹ́ oṣù yìí wà lọ́rùn mi. Ẹni tí bàtà ijó ò bá gba ọmọ rẹ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi. Sáìsì 33 ló ń wọ̀.