Wíwá ọ̀rọ̀ nínú fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé

Fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lórí Zoom kún ọwọ́ mi, wọ́n sì gùn. Ẹni tó ń wá ibi tí olùkọ́ ti ṣàlàyé oríkì á máa fà á síwá sẹ́yìn títí á fi sú u. Ó dùn mí, torí ọ̀rọ̀ gidi ló wà níbẹ̀. Mo wá ń ṣe ẹ̀rọ tí a ó fi lè wá ọ̀rọ̀ nínú wọn.

Ffmpeg, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lórí fídíò, ló ń bá mi yọ síláìdì. Ó ń fi àwòrán kan wé èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ìyàtọ̀ bá ti ju 0.3 lọ lórí ìwọ̀n 0 sí 1, ó yọ ọ́, ó sì kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀. Ojú olùkọ́ tó wà ní igun ló ń dà á láàmú: bó bá ti ju ọwọ́, ffmpeg á ní síláìdì ti yí. Mo wá ń gé igun yẹn kúrò kó tó wò ó. Ó gbọ́ràn báyìí.

Tesseract, ètò tó ń ka ọ̀rọ̀ inú àwòrán, ló ń ka síláìdì, ó ní fáìlì èdè Yorùbá. Mo máa ń fẹ àwòrán lójú kí àmì abẹ́ ṣ má bàa dà bí eruku. Whisper, ètò tó ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀ kíkọ, náà ní Yorùbá lára èdè rẹ̀, àmọ́ ó ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ púpọ̀, síláìdì ni mo ṣì gbára lé.

Ibi tí ọkàn mi wà gan-an ni wíwá. Púpọ̀ nínú wa kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. "Oko" lásán la ó tẹ̀, ọkọ̀ là ń wá. Bí ẹ̀rọ bá ta kú pé àfi kí àmì pé, a ò ní rí nǹkan kan. Bó bá gbá gbogbo àmì dànù, oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ á dà pọ̀. Atọ́ka méjì, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ tí a fi ń wá nǹkan, ni mo ṣe sínú SQLite, ètò tí a ń kó dátà pamọ́ sí. FTS5, apá rẹ̀ tó ń wá ọ̀rọ̀, máa ń bọ́ àmì fúnra rẹ̀, nítorí náà mo fi remove_diacritics 0 sí ti àkọ́kọ́ kó má fọwọ́ kàn án. Èkejì kò ní àmì rárá. Ẹni tó bá fi àmì sí ọ̀rọ̀, èyí tó bá a mu wẹ́kú ló ń ṣáájú. Ẹni tí kò fi sí i náà kò ní padà lọ́wọ́ òfo.

Ó ku àkọlé orí, ìyẹn orúkọ apá kọ̀ọ̀kan tí a pín fídíò sí. YouTube fẹ́ kí àkọ́kọ́ wà ní 0:00, kí wọ́n tó mẹ́ta ó kéré tán, kí orí kọ̀ọ̀kan sì tó ìṣẹ́jú àáyá 10. Àkọlé síláìdì ni mo fẹ́ lò, àmọ́ àwọn olùkọ́ máa ń fi àkọlé kan náà sórí síláìdì mẹ́rin, márùn-ún. Kíkó wọn jọ sábẹ́ orí kan ló kàn.