Àkùkọ Tí A Ó Fi Ṣe Irú: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Adìẹ Ìbílẹ̀
Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé tí mo mọ̀, bí Kérésìmesì tàbí Iléyá bá ti ń súnmọ́, àkùkọ tó ga jù, tó sì wúwo jù ni a kọ́kọ́ ń mú lọ sọ́jà. Èyí tó kéré, tí oníbàárà kọ̀, ni yóò kù nílé láti máa gun àwọn àgbébọ̀. Bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, àwa fúnra wa là ń sọ irú adìẹ wa di ràdàràdà. Ẹ yan àkùkọ irú yín kí oníbàárà tó dé, kí ẹ so òwú pupa mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kí gbogbo ará ilé lè mọ̀ pé kì í ṣe títà.

Àkùkọ kan tó àgbébọ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá, nítorí náà ìdajì ohun tí gbogbo òròmọdìẹ yín bá jogún, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti wá. Ẹ gbé e lọ́wọ́, ẹ fi ìka tọ egungun àyà rẹ̀ wò bóyá ó tọ́, ẹ wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá wọ́n wọ́. Ṣùgbọ́n ẹwà nìkan kò tó. Àkùkọ kì í yé, síbẹ̀ ó ń fún àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ní àbùdá ẹyin yíyé, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bèèrè ìyá rẹ̀: ṣé ó ń yé dáadáa, ṣé ó ń sàba pé ọjọ́ 21, ṣé ọmọ rẹ̀ ń yè?

Ọ̀rọ̀ aṣa, ìyẹn adìẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè, gba àkíyèsí gidi. Bí aṣa méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jogún àbùdá yìí lọ́wọ́ òbí kan ṣoṣo, bá gun ara wọn, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọmọ wọn ni yóò jogún rẹ̀ níhà méjèèjì. Ìyẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa ṣẹ́, a sì máa já, títí ara rẹ̀ yóò fi hàn síta. Àgbébọ̀ tí ìyẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ ni mo máa ń wá fún àkùkọ aṣa. Ti abólọ́rùn yàtọ̀: èyí tó ní ìdì ìyẹ́ kékeré níwájú ọrùn, òbí kan ló jogún rẹ̀ lọ́wọ́, èyí tí ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó tán, òbí méjèèjì ni, gbogbo ọmọ irú àkùkọ bẹ́ẹ̀ ni yóò sì jẹ́ abólọ́rùn, bí ìyá wọn kò tilẹ̀ bó lọ́rùn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àkùkọ máa gun àwọn ọmọ tó bí, torí ẹyin tí kò pa àti òròmọdìẹ aláìlókun yóò máa pọ̀ sí i. Ẹ fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń sin adìẹ ní abúlé mìíràn. Bí ẹ bá sì ti mú ti àtijọ́ kúrò, ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó kó ẹyin jọ fún sísàba, nítorí pé àtọ̀ rẹ̀ lè wà láàyè nínú àgbébọ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ kò sì ní lè mọ ọmọ àkùkọ tí ẹ ń tọ́.