Lẹ́tà kan ṣoṣo ló pa mí lẹ́kún ní Kàbà

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi téèpù tọ́jú iṣẹ́ orí sáfà Linux, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí script yín, àkójọ àṣẹ tó ń kọ ẹ̀dà sórí téèpù, wò lálẹ́ òní. Ṣé /dev/st0 lẹ kọ síbẹ̀, àbí /dev/nst0? Ẹ̀rọ téèpù kan náà ni orúkọ méjèèjì ń tọ́ka sí.

Èmi kọ st0. Àkáǹtì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ló wà níkàáwọ́ mi, owó àwọn àgbẹ̀ láti Kàbà títí dé Ìsánlú, lórí sáfà àlòkù tó ní ẹ̀rọ téèpù LTO. Lálaalẹ́, tar mẹ́ta, àṣẹ tó ń di fáìlì pọ̀ sórí téèpù, ló ń tẹ̀ léra: ìwé owó, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, lẹ́yìn náà /etc, ibi tí ètò sáfà wà, tó kéré jọjọ. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, iná lọ, ó dé, ó tún lọ, hard disk bá kú. Àyà mi ò já. Ṣebí mo ní téèpù.

Mo ki téèpù bọ̀ ọ́, mo tẹ tar tvf láti wo ohun tó wà lórí rẹ̀. /etc jáde, ó tán síbẹ̀. Mo tún un tẹ̀. /etc. Mo fi ti Ọjọ́bọ̀ sí i, mo fi ti Ọjọ́rú sí i. Téèpù 5, /etc nìkan ló wà lórí gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni Ìyá alága bá mi. "Okun o, ọmọ mi. Ṣé owó wa ṣì wà níbẹ̀?" Ohùn ò jáde lẹ́nu mi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo ń sunkún.

Bí tar bá ti parí, st0 á yí téèpù padà síbẹ̀rẹ̀. Èkejì kọ lé àkọ́kọ́ lórí, ẹ̀kẹta kọ lé èkejì. Ohun tó kù lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ kì í kà kọjá àmì ìparí débẹ̀. nst0 kì í yí i padà. n yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀! Lórí àwọn ètò mìíràn tó jọ Linux náà ńkọ́? Lórí Solaris, /dev/rmt/0n ni. Lórí FreeBSD, /dev/nsa0.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé èmi kò ṣọ́ra. Àràárọ̀ ni mò ń ka log, àkọsílẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe lọ, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Káàdì ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ la fi tún ìwé owó kọ, ọjọ́ 11.

Nítorí náà, log kọ́ ni kí ẹ máa kà, téèpù ni. Ẹ tẹ mt -f /dev/nst0 rewind kí téèpù padà síbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tẹ mt -f /dev/nst0 fsf 2 kó fo méjì àkọ́kọ́, kí ẹ wá fi tar tvf /dev/nst0 wò ó. Bí ẹ bá bá ẹ̀kẹta níbẹ̀, n yín wà níbi tó yẹ. Kí script náà fi rewind bẹ̀rẹ̀, torí ibi tí téèpù bá dúró sí ni nst0 á ti máa kọ lọ. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ n náà la ṣì ń sọ.

Mo ti fi yíǹkì pupa kọ nst0 sára ẹ̀rọ náà. Ìyá alága bi mí pé kí nìyẹn, mo ṣàlàyé. Ó ní kí n kọ lẹ́tà n náà kó tóbi sí i.