Ta Ló Bi Bàbá Aláago?

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), alẹ́ Sátidé

Òjò kò jẹ́ ká gbá bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì lónìí. A ti dé pápá ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ ń so okùn bàtà lọ́wọ́, ni ojú ọ̀run ṣú láti ìhà ọ̀sà. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí òjò fi dé. Símẹ́ńtì lásán ni pápá wa, omi sì máa ń dúró lábẹ́ ọ̀kan nínú apẹ̀rẹ̀ méjèèjì níbi tí ilẹ̀ ti rì. Bó bá ti rọ̀ báyìí, ó di ọjọ́ mìíràn. A sá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ọmọdé àti àgbà, a jókòó ti ògiri. Ìyá alákàrà tó máa ń tà lẹ́nu ọ̀nà gbé iná rẹ̀ wọlé tọ̀ wá.

Aṣọ ni mò ń rán jẹun, ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kọ ìwé àmì fún ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì àdúgbò wa. Èmi ni mò ń kọ ẹni tó sọ ọ́ wọlé, ẹni tó ṣe fọ́ọ̀lù, ẹni tí wọ́n lé jáde. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ òní fi wọ̀ mí lára tí mi ò lè sùn.

Oṣù kẹfà ti ń parí lọ, ìgbà yìí sì ni àwọn ẹgbẹ́ NBA, ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì tó ga jù ní Amẹ́ríkà, máa ń wá agbábọ́ọ̀lù tuntun. Mẹkáníìkì wa, tí í máa jí ní aago kan ààbọ̀ òru láti wo eré ìparí, ló dá a sílẹ̀. Ó ní, “Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni ẹgbẹ́, tó ku àyè kan ṣoṣo, tí ẹnì kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù ju ti gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n tí ẹjọ́ kì í tán lọ́rùn rẹ̀, ṣé ẹ ó gbà á?”

Ariwo ta. Ọmọ kan tó ń lọ sí líìsì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ṣáájú òun. Ti Ja Morant ló ń sọ. Ó ka gbogbo rẹ̀ bí ẹni ka ìwé: ẹgbẹ́ Memphis mú un ní ipò kejì nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun ní 2019, ní oṣù kẹta 2023 ó gbé ìbọn hàn lórí Instagram, NBA ní kó jókòó fún eré 8, kò tó oṣù mẹ́ta, fídíò mìíràn tún jáde, ìbọn tún wà lọ́wọ́ rẹ̀, eré 25. “Ọjọ́ tó padà dé ńkọ́?” Ọmọ náà ti dìde dúró. Ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá 2023, ó ju àmì 34 sí New Orleans lọ́wọ́, èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ló sì fi gba eré náà bí àsìkò ti ń tán. Ó fi ara ṣe é fún wa, bó ṣe yí, bó ṣe fò. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́.

Mẹkáníìkì ní ti Ron Artest ló ga jù. Ní 2004, nínú pápá Detroit, ẹnì kan ju ife lù ú, ó sì gun àárín àwọn òǹwòran lọ láti lù wọ́n. Eré 86 ni wọ́n fi jẹ ẹ́ níyà. Nígbà tó yá, Lakers gbà á ní 2009, ní eré keje ìparí 2010 pẹ̀lú Boston, ó ju àmì 20, Lakers gba ife. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yẹn ni pé bí wọ́n ti gbé gbohùngbohùn sí i lẹ́nu, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà tó ń tọ́jú ìrònú ọkàn rẹ̀ níṣojú gbogbo ayé. Lẹ́yìn náà ó fi òrùka ife yẹn ṣe tọ̀ḿbólà, kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ ran àwọn tí ọkàn wọn ń dààmú lọ́wọ́. Mi ò tíì gbọ́ kí agbábọ́ọ̀lù kan níbí sọ pé òun lọ rí irú dókítà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a máa ń sọ ni pé ó ti ya wèrè, a ó sì yẹra.

Bàbá olùkọ́, tó ti fẹ̀yìn tì, rọra sọ tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa, NBA lé Micheal Ray Richardson dànù nítorí kokéènì, ní 1986. Ó gba Yúróòpù lọ. Àwọn ará Faransé mọ̀ ọ́n dáadáa, torí ó wà nínú ẹgbẹ́ Antibes tó gba ife ilẹ̀ wọn ní 1995. “Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ,” bàbá ní.

Ìgbà yẹn ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wa, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, béèrè pé, “Miles Bridges ńkọ́?”

Kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án ní 2022 pé ó lu ìyá àwọn ọmọ rẹ̀. Níwájú adájọ́, kò jà á níyàn, wọ́n fún un ní ọdún mẹ́ta tí ìjọba yóò máa ṣọ́ ọ. Odindi sáà kan ni kò gbá. NBA ní kó jókòó fún eré 30, ṣùgbọ́n wọ́n yọ 20 kúrò níbẹ̀ nítorí sáà tí kò gbá yẹn. Ní 2024 ẹgbẹ́ rẹ̀, Charlotte, tún bá a tọwọ́ bọ̀wé fún ọdún mẹ́ta, mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ọmọbìnrin náà kò sọ ju ìbéèrè yẹn lọ. Ó ń wo òjò.

Mo ti ń rò ó láti ìgbà tí mo ti délé. A pọ gbogbo wọn pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan náà, “oníwàhálà”, bí ẹni pé ìwà kan náà ni. Richardson, ara rẹ̀ ló ń pa. Ẹni tó ń pa ara rẹ̀, mo rò pé kí a gbà á wọlé kíá, ká sì máa ṣọ́ ọ lójoojúmọ́, torí bó bá wà níta nìkan yóò kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó na ènìyàn, ènìyàn kan wà níbì kan tí ara ń ro. Àwa tí a jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ́ ló nà. Báwo la ṣe wá di ẹni tó ń dárí jì í?

Kóòṣì wúkọ́. Gbogbo wa ti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń yí ká láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ogún ọdún ni, ọlọ́wọ́ òsì. Mo ti kọ ìwé àmì fún agbábọ́ọ̀lù tó ju igba lọ, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Tó bá gbé bọ́ọ̀lù bọ̀, kì í wo ilẹ̀, kì í wo bọ́ọ̀lù, ojú rẹ̀ ń wo ibi tí ẹnì kejì kò tíì dé. Yóò sọ ọ́ síbẹ̀, ẹni náà yóò sì débẹ̀. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n gbá, tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò dà bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìdíje ọlidé ń bọ̀ nínú oṣù kẹjọ, ẹni tó ń darí bọ́ọ̀lù fún wa sì ti ríṣẹ́ sí Kútọnu. A nílò rẹ̀. Mo fẹ́ kó wá, mi ò purọ́.

Ní oṣù kejì, nígbà tó ń gbá fún àdúgbò mìíràn, àmì kan ló kù kí wọ́n bá ẹnì kejì dọ́gba. Ó ju bọ́ọ̀lù, ó wọlé, ṣùgbọ́n bàbá aláago, ẹni tó ń ṣọ́ àsìkò eré, ní àsìkò ti tán kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà fò lórí tábìlì, ó gbá bàbá létí. Gíláàsì ojú bàbá fọ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ lé e, láti ọjọ́ náà ló ti ń ju bọ́ọ̀lù lóun nìkan láàárọ̀ kùtù kí àwọn ènìyàn tó jí.

Kóòṣì ní kí a nawọ́. Ọwọ́ 11 sọ pé kó wá, ọwọ́ 4 ní rárá. Ẹni kan ní agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa, Mouphtaou Yarou, kúrò ní Natitingou títí ó fi dé yunifásítì Villanova ní Amẹ́ríkà, pé bóyá ọmọ yìí náà yóò dé irú ibẹ̀ bí a kò bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹlòmíràn ní Latrell Sprewell fún kóòṣì rẹ̀ lọ́rùn ní 1997, wọ́n fi eré 68 jẹ ẹ́ níyà, síbẹ̀ New York gbà á, wọ́n sì dé ìparí ní 1999. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 1999 yẹn kan náà, Golden State, ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, dá P.J. Carlesimo, kóòṣì tí wọ́n fún lọ́rùn, dúró lẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ lónìí. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Èmi kò nawọ́ sí ìkankan. Mo ní, “Ta ló bi bàbá aláago?”

Wọ́n wò mí. Mo sọ ti Dennis Rodman fún wọn. Gbogbo wọn mọ̀ pé Chicago mú un ní 1995, wọ́n gba eré 72 nínú 82, wọ́n sì gba ife lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ní 1991, nígbà tí Rodman ṣì wà ní Detroit, ó ti Scottie Pippen ti Chicago ṣubú lu àga lẹ́yìn pápá, wọ́n ní láti rán àgbọ̀n rẹ̀. Kí Chicago tó gba Rodman, wọ́n kọ́kọ́ lọ bi Jordan àti Pippen léèrè. Ẹni tí àpá wà lára rẹ̀ ni wọ́n bi, ó sì gbà. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Kóòṣì dákẹ́ títí. Ó wá ní, “Tàńtí, ẹ bá wa lọ bi wọ́n, ẹ jọ̀ọ́.”

Òjò ti ń dá. Mo gun zémíjàn lọ sí ẹ̀yìn ọjà Wàńdó, níbi tí bàbá ti ń tún rédíò ṣe. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Inú wọn dùn, wọ́n ní kí wọ́n gbé omi wá fún mi. Gíláàsì tuntun wà lójú wọn, 35.000 sẹ́fà ni ọmọ wọn obìnrin san sí i. Nígbà tí mo sọ ohun tó gbé mi wá, wọ́n gbé irin tí wọ́n fi ń jó òjé kalẹ̀.

“Oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀,” wọ́n ní. “Ìwọ lo kọ́kọ́ wá.”

Mo ní ẹgbẹ́ ọmọ náà ńkọ́. Wọ́n ní wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù. Wọ́n ní etí kọ́ ló ń dun àwọn mọ́. Ohun tó ń dun àwọn ni pé bí wọ́n ti gbé àwọn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹlòmíràn jókòó sídìí aago, eré sì tẹ̀ síwájú. Láti ọjọ́ náà, àwọn kò débi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Wọ́n wá wò mí, wọ́n bi mí léèrè bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀: “Ìwọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìwọ lò ń kọ̀wé. Ṣé mo tètè tẹ̀ ẹ́ ni? Mo máa ń dìde lóru, màá máa rò ó. Bóyá èmi ni mo ṣe àṣìṣe.”

Mi ò lè dá wọn lóhùn. Ìwé ni mò ń wò nígbà yẹn, mi ò rí aago. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ó sì dùn mí pé òótọ́ ni.

Wọ́n kò sọ pé kí a gbà á, wọn kò sọ pé kí a má gbà á. Wọ́n ní kó wá. “Mo mọ̀ pé àgbà là ń fi ṣíwájú bẹ̀bẹ̀. Kó má mú àgbà kankan wá. Òun àti èmi nìkan.” Wọ́n wá béèrè bóyá ó ṣì ń fi ọwọ́ òsì jù ú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mi orí, wọ́n padà sídìí rédíò wọn.

Mo yà nílé ìyá ọmọ náà bí mo ti ń bọ̀. Àkàsà ni wọ́n ń dì, òun ló ń nu ewé. Mo pè é jáde, mo sọ ohun tí bàbá sọ, títí kan èyí tí wọ́n bi mí nípa aago. Ó dúró lójú ọ̀nà nínú omi, ewé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Tàńtí, kí ni kí n sọ fún wọn?”

Mo ní kó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, kó kí wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni kó sọ fún wọn: ṣé àsìkò ti tán lọ́jọ́ náà, àbí kò tíì tán?

Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ti pè é lẹ́ẹ̀mejì.

“Ó ti tán,” ó ní. “Bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́ mi.”