“Ọkùnrin Náà Ńkọ́?”

Nílé wa ní Ṣágámù, ìṣẹ́yún jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọ́n ti ń ta obì láti ìgbà èwe wọn, kì í rẹ ohùn sílẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọmọbìnrin kan ṣẹ́yún, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé, “Ọkùnrin náà ńkọ́?” Ó pẹ́ tí mo ti ka ìbéèrè yẹn sí ti ayé àtijọ́, nítorí ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ara obìnrin jẹ́ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Ìgbà tí mo wá ka ìtàn àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin ni ojú tì mí díẹ̀. Ìwé ìròyìn tí Susan B. Anthony àti Elizabeth Cady Stanton bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1868 gbé àwọn àpilẹ̀kọ tó bẹnu àtẹ́ lu ìṣẹ́yún jáde, síbẹ̀ ọkùnrin tí kì í gbà kí ìyàwó sọ pé rárá ni wọ́n di ẹ̀bi rù jù. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ohùn náà tó yí padà pátápátá: ní oṣù kẹrin 1971, obìnrin 343 ní ilẹ̀ Faransé fọwọ́ sí ìwé tí Simone de Beauvoir, òǹkọ̀wé ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin, kọ, wọ́n sì jẹ́wọ́ ní gbangba pé àwọn ti ṣẹ́yún rí, nígbà tí òfin ṣì kà á sí ọ̀daràn. “Tèmi ni ara mi” ni ìjà náà wá fẹ̀yìn tì.

Ní 1994, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó pàdé ní Chicago sọ pé èyí nìkan kò tó. Kí ni ẹ̀tọ́ láti yàn wúlò fún ẹni tí kò lówó oògùn, tí kò sì níbi tí yóò ti tọ́ ọmọ ní àlàáfíà? Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti bímọ, láti má bí i àti láti tọ́ ọ dáadáa kò ṣeé pín níyà. Lójú tèmi, àwọn ló sún mọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi jù.

Níhìn-ín, òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ fún wa ṣì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ti tú tiwọn ṣe ní 1967. Nígbà tí àwọn dókítà fẹ́ kí wọ́n dẹ̀ ẹ́ ní 1981, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wà lára àwọn tó takò wọ́n. Ní 2004, Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn Maputo, àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin, tó fàyè gba ìṣẹ́yún fún ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ṣùgbọ́n òfin ilé kò yí padà.

Mo ka abala 228 sí 230 nínú òfin náà fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi: ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá fún ẹni tó bá ṣe é fún obìnrin, ọdún méje fún obìnrin náà fúnra rẹ̀, mẹ́ta fún ẹni tó bá pèsè oògùn. Wọ́n bèèrè ti ọkùnrin tó fún un lóyún tó sì sá. Mo ní kò sí. Wọ́n ní kí n rọra tún un kà, ó ṣeé ṣe kí n ti fo ibì kan.