Búùtù mẹ́ta àti kẹ̀kẹ́ ọmọ kan

Kubwa, Abuja, alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta

Téèpù tí mo fi ń wọn ìdí àwọn oníbàárà mi ni mo fi wọn búùtù ọkọ̀ mẹ́ta lónìí. Gọ́ọ̀fù ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, irú èyí tó ń já èrò láti Kubwa sí Wuse, síbẹ̀ mi ò rí méjì tí inú wọn dọ́gba. Ti àkọ́kọ́ gbé táyà sípíà sí ẹ̀gbẹ́ kan, jáàkì sí ẹ̀gbẹ́ kejì, gálọ́ọ̀nù omi rádíétọ̀ méjì sì wà láàárín. Ti ìkejì ní sípíkà ńlá kan tí awakọ̀ fi ń gbọ́ orin, ó ti gba ìdajì ààyè. Ẹ̀kẹta nìkan ló mọ́ tónítóní. Awakọ̀ rẹ̀ dúró tì mí, ó ń wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ rán ẹ̀wù fún ọkọ̀ rẹ̀.

"Hajiya, me kike aunawa?" Ó fẹ́ mọ ohun tí mò ń wọ̀n.

Mo ní kẹ̀kẹ́ ọmọ ni. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó wo ẹ̀gbẹ́ mi, kò rí kẹ̀kẹ́, kò rí ọmọ. Mo ní mi ò tíì rà á ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí bọ́ńpà.

Ẹ jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín. Ojú mi ti rí màbo lórí ọ̀rọ̀ búùtù.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọkùnrin mi yìí jáde, oṣù mẹ́rin rèé. Nọ́ọ̀sì ní mi ò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun tó bá wúwo ju ọmọ náà fúnra rẹ̀ lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá tipẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀já ti ń fún mọ́ni gan-an ni ojú ọgbẹ́ náà wà. Ó ti jinná lójú, ó ṣẹ́kù sínú. Bí mo bá pọn ọmọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á máa ṣe mí bí ẹni pé wọ́n tún fẹ́ tú ibi tí wọ́n rán. Màmá mi tó wá láti Ọ̀ffà láti bá mi wẹ ọmọ ló ń pọ̀n ọ́n káàkiri, Màmá sì ti padà sílé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣọ́ọ̀bù mi ò sì mọ̀ pé mo bímọ. Aṣọ ẹbí èèyàn mẹ́rìnlá wà nílẹ̀ tí mi ò tíì gé.

Kì í ṣe pé a ò ní kẹ̀kẹ́ o. Kí n tó bímọ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó wà ní London ti fi ọ̀kan ránṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ náà rẹwà kọjá sísọ. Táyà mẹ́ta tí wọ́n ń fún ní afẹ́fẹ́ bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere, àtíbàbà tó bo ọmọ dé orúnkún, ibi tí wọ́n ń gbé ife tíì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ìdìmú. Kílò mẹ́rìnlá. Òkè kejì là ń gbé, àtẹ̀gùn méjìlélọ́gbọ̀n ló sì wà láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé mo máa ń kà á bí mo bá ń gbé ẹrù gùn ún.

Ọjọ́ tí a lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni a kọ́kọ́ gbé kẹ̀kẹ́ yìí jáde. Gọ́ọ̀fù kan dúró fún wa. Awakọ̀ ti kẹ̀kẹ́ sínú búùtù, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tì í, ó fi orúnkún tì í, búùtù kò pa dé. Ó ní kí n san owó èèyàn méjì fún un, mo san án. Ó tún ní kò sí okùn lọ́wọ́ òun. Ni Màmá bá yọ ọ̀já kúrò nínú báàgì ọmọ, wọ́n sì fi so ìdérí búùtù mọ́lẹ̀. Ọ̀já tí mi ò lè fi pọn ọmọ la fi pọn kẹ̀kẹ́ ọmọ láti Kubwa dé Wuse.

Ìgbà tí à ń bọ̀ tún wá burú jù. Mo ra iṣu méjì àti ẹyin kéréètì kan, mo fi gbogbo rẹ̀ kọ́ ọwọ́ ìdìmú kẹ̀kẹ́, nítorí kí ni kẹ̀kẹ́ wà fún? Bí mo ṣe gbé ọmọ jáde báyìí, kò sí ohun tó ń tẹ iwájú mọ́, kẹ̀kẹ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbì! Iṣu ò ṣe nǹkan kan. Ẹyin mẹ́tàlélógún fọ́. Láti ọjọ́ náà, bó ti wù kí báàgì kéré tó, apẹ̀rẹ̀ abẹ́ kẹ̀kẹ́ ló ń lọ.

Ní báyìí, kẹ̀kẹ́ London ti di ibi ìsáṣọ ní bàkọ́nì wa. Àǹtí mi, bí ẹ bá ka èyí, ẹ má bínú. Aṣọ ń tètè gbẹ lórí rẹ̀.

Bàbá ọmọ ò gbà pé kẹ̀kẹ́ ló jẹ̀bi, ó ní ọ̀nà ni. Ó ní kí n wo àwọn mai ruwa tó ń ti ọmọlanke omi ní àdúgbò wa, ṣé táyà kéékèèké ni wọ́n fi ń gun òkè? Òótọ́ sì ni. Táyà ńlá a máa gun òkúta, a máa fo gọ́tà tóóró, kì í há sínú iyẹ̀pẹ̀. Ìlú tí wọ́n yàwòrán rẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ ni Abuja: 1976 ni ìjọba Murtala Muhammed ṣòfin pé ibẹ̀ ni olú-ìlú yóò wà, 1991 ni ìjọba kó wá. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ya ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ dáadáa, Maitama lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ ò pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ wà, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti di ìsọ̀ oníbàtà àti ti ẹni tó ń ta ṣájà fóònù. Láàárín ìgboro pàápàá, èèyàn á máa rìn lọ, á kàn ṣàdédé bá ihò gọ́tà tí wọ́n ti jí ìdérí irin rẹ̀ gbé. Ihò yẹn ò mọ táyà ńlá yàtọ̀ sí kékeré.

Nítorí náà, ọkọ̀ la máa wọ̀. Láti 2006 ni wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò ní ìgboro, kẹ̀kẹ́ Napep ò sì kọjá àdúgbò. Ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ tirẹ̀, búùtù ẹlòmíràn ni yóò máa bẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi ti yàtọ̀ sí ti bàbá ọmọ. Wákàtí tí ọmọ fi ń jókòó sínú kẹ̀kẹ́ kò tó wákàtí tí kẹ̀kẹ́ fi ń ṣe ẹrù: inú búùtù, orí àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo àwòrán tí wọ́n fi ń ta á ló ní ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín nínú. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ya ìyá tó fi ọwọ́ kan gbá ọmọ mọ́ra, tó ń fi ọwọ́ kejì bá kẹ̀kẹ́ jìjàkadì, tí awakọ̀ ń fọn fèrè sí i létí.

Bàbá ọmọ, tí kì í jẹ́ kí wọ́n borí òun nínú ọ̀rọ̀, wá a lọ sórí fóònù. Ó padà wá ka ìtàn kan fún mi, ìtàn náà sì gbè mí lẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì kan ń jẹ́ Owen Maclaren, ó wà lára àwọn tó ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfurufú Spitfire, èyí tó ń ká mọ́ abẹ́ bí ọkọ̀ bá ti gbéra. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tó wá rí wàhálà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ọmọ rírìnlẹ̀ lórí ìrìn àjò, ó mú ọgbọ́n ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfurufú yẹn, ó fi ọpá alumíníọ̀mù ṣe kẹ̀kẹ́ tó ń ká bí agboòrùn. 1965 nìyẹn. Kò tó kílò mẹ́ta. Mo ní bàbá àgbà yẹn mọ ohun tó ń ṣe dáadáa.

Mo gbé ọmọ fún Ìyá Ìbejì, aládùúgbò wa, mo sì gba Wuse lọ pẹ̀lú téèpù mi.

Oòrùn Ẹrẹ́nà ò ṣeé bá ṣeré. Mo rí obìnrin kan tó fi ìborùn nínípọn bo kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ pátápátá kí oòrùn má bàa pa á. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà tí mo ṣí i, irun ọmọ ti rin gbindin, nítorí atẹ́gùn ò rí ibi gbà wọlé, ooru inú rẹ̀ ju ti ìta lọ. Mo bá obìnrin náà sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó dúpẹ́, ó ká a kúrò. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn nìkan ni tèmi ń lò báyìí.

Irú ti agboòrùn yẹn wà lọ́jà, ó pọ̀, kò sì wọ́n. Ó wù mí débi pé mo ti ń ka owó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sùn sílẹ̀, ńṣe ló nà ró bí àga ilé ìwé, ọmọ mi ò sì tíì lè dá jókòó. Bí oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń mọ̀ ọ́n jókòó. Kí ìyẹn tó tó, ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ti tẹ́ ló yẹ kí ó wà. Ọmọ ọjà ní kí n fi pílò há a lẹ́yìn. Mo ní ẹ ṣeun.

Ìsọ̀ kẹrin ni mo ti rí ẹni tí mo ń wá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Jos ni wọ́n bí i sí. Àwọn tiwọn àti àwọn tiwa láti Ọ̀ffà ti ń ṣòwò ní Òkè Ọya kí wọ́n tó bí bàbá mi. Tòkunbọ̀ ló ń tà. "Ìyá ọmọ, ẹ kú oòrùn," ó sì gbé ọ̀kan kalẹ̀ fún mi, aláwọ̀ eérú. Mo wò ó yí ká. Bẹ́líìtì rẹ̀ yẹ kó jẹ́ ojú márùn-ún, méjì léjìká, méjì níbàdí, ọ̀kan láàárín ẹsẹ̀. Ti àárín ẹsẹ̀ ti já. Ó rí téèpù lọ́rùn mi, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ télọ̀, ẹ ó kàn rán an ni." Nítorí pé mo jẹ́ télọ̀ gan-an ni mi ò ṣe ní rán an. Òwú tó ń di aṣọ mú kọ́ ló ń di ọmọ mú.

Ó gbé òmíràn jáde. Mo ra sẹ̀mó kílò márùn-ún ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́, mo gbé e mọ́ àyà bí ọmọ, mo wá fi ọwọ́ tó kù ká kẹ̀kẹ́ náà. Ìgbà àkọ́kọ́, ó há. Ìkejì, ó ká. Ìkẹta, ó ká kí n tó ka ení dé èjì, àwọn èèyàn sì ti ń dúró wòran. Mo gbé e sí ibi tí ilẹ̀ ti dà lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, mo tẹ búrékì, mo gbé sẹ̀mó sínú rẹ̀, mo jọ̀wọ́ rẹ̀: kò yẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ sùn sílẹ̀ gbalaja. Bí mo bá ká a tán, ó gùn ní ínǹṣì mọ́kànlélógún, ó fẹ̀ ní méjìdínlógún, ó ga ní mẹ́jọ. Á wọ inú búùtù onísípíkà, ká má tíì sọ ti àwọn tó kù. Kílò méje.

Ó ní ₦95,000. Mo ní ₦55,000. Ó ní "albarka", bí àwọn Hausa ṣe ń fi àdúrà sọ fúnni pé owó yẹn ò gbà. Mo yíjú bí ẹni tó ń lọ, ó pè mí padà, a parí rẹ̀ sí ₦70,000. Táyà rẹ̀ kéré o, mo mọ̀. Bí mo bá dé ibi gọ́tà, mo máa gbé e ni. Kílò méje, mo lè gbé e.

Awakọ̀ tó gbé mi padà kò mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ wà nínú búùtù òun títí mo fi yọ ọ́ ní Kubwa. Kò bèèrè owó èèyàn méjì.

Mo gba ọmọ lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì, mo sì ya ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ tó ṣú, láti wò ó bóyá kẹ̀kẹ́ á gba ẹnu ọ̀nà tó jẹ́ ínǹṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó gbà á. Ọmọ sùn sínú rẹ̀ lẹ́yìn máṣíìnì bí ẹni pé ó ti ń bá mi ṣiṣẹ́ tipẹ́, mo sì gé aṣọ ẹbí mẹ́ta. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, kẹ̀kẹ́ ò yí mọ́. Mo rò pé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Mo gbé ọmọ kúrò, mo dojú rẹ̀ dé. Òwú ni: pupa, wúrà, aláwọ̀ ewé, gbogbo àjákù òwú ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ti wé mọ́ ọ̀pá táyà iwájú méjèèjì. Mo fi bíléèdì gé e jáde fọ́nrán fọ́nrán, mo kán òróró máṣíìnì sí i, ẹ̀kán méjì méjì, mo sì wá ìgbálẹ̀.